Ìyá Tó Dá Ìtàn Dúró

Araba gbé àga dí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìjọ, ó jókòó lé e, ó fi ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ mú ìyá òun jáde níbẹ̀ lónìí, àfi kó kọ́kọ́ gbé òun àti àga náà sọ sínú òkun ìlú Saltpond.

"Àǹtí Araba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Kow, àbúrò rẹ̀, ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti ìlú Takoradi dé láàárọ̀ yìí pẹ̀lú mọ́tò tó háyà, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun bí ẹni tó ń lọ ṣe ìwàásù. "Àwọn ará àgọ́ àdúrà ti ń retí wa."

"Kí wọ́n máa retí."

"Ìyá tèmi náà ni."

"Mo mọ̀. Òun ni ò jẹ́ kí n tíì gbá ọ létí."

Ojú Kow le. "Maame ò mọ ọ̀nà ilé mọ́, ẹ mú wọn wá síbí, ẹ ní kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́. Ṣé orin ni oògùn?"

"Ṣé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wá ni oògùn?"

Araba ò sọ ọ́ lásán o. Nọ́ọ̀sì ni obìnrin yìí títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ egbò ọrùn ẹsẹ̀ àwọn tí wọ́n gbé ti irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ bọ̀, àwọn arúgbó tí wọ́n so mọ́ ìdí igi, tí wọ́n ní ó di ìgbà tí ẹ̀mí òkùnkùn bá jáde lára wọn. Ẹ̀mí òkùnkùn wo? Àìsàn ìgbàgbé ni, àìsàn tí ń jẹ ọpọlọ díẹ̀díẹ̀. Ó tún rí nǹkan mìíràn lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ẹni tó ti gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀, tí kò mọ ṣíbí yàtọ̀ sí abẹ́rẹ́ mọ́, ẹ dá orin ìgbà èwe rẹ̀ fún un, á gbè é. Bí orin bá sì ti wọ̀ ọ́ lára, ara rẹ̀ á rọ̀, á jẹun, á jẹ́ kí wọ́n wẹ òun. Ìdí nìyẹn tó fi ń kó àwọn alárùn yìí jọ sí gbọ̀ngàn náà ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Kì í ṣe orin ìsìn ló ń bá wọn kọ. Orin àlọ́ ni, èyí tí àwọn ọmọ Fante tó ni ilẹ̀ ibẹ̀ mu pọ̀ mọ́ ọmú.

Maame Otuwa, ìyá rẹ̀, wà láàárín wọn. Láti ìgbà òjò ni odidi gbólóhùn kan ò ti jáde lẹ́nu ìyá náà. Ègbè orin nìkan ló kù sí i lẹ́nu, àti àtẹ́wọ́.

Wọ́n gbọ́ ìró ọ̀pá kí Egya Kwansa, olórí ẹbí, tó yọ sí wọn.

"Araba, ẹnu ọ̀nà kọ́ là ń gbé dá ẹjọ́. Jẹ́ ká wọlé. Kow á sọ tiẹ̀, ìwọ náà á sọ tìrẹ. Ohun tí mo bá wá sọ, abẹ gé e nìyẹn."

"Egya, bí ẹ bá ní kó mú wọn lọ ńkọ́?"

"A jẹ́ pé ó mú wọn lọ nìyẹn."

Ta ló tó kọ ọ̀rọ̀ sí olórí ẹbí lẹ́nu? Araba dìde, ṣùgbọ́n ó gbé àga rẹ̀ dání, ó lọ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó di ọwọ́ ìyá náà mú ṣinṣin.

Kow bọ́ sí àárín àwọn arúgbó tó jókòó yípo. Ó wúkọ́. Kò fẹ́ dárúkọ ìyá rẹ̀ lójú ìyá rẹ̀, ó rò pé òun á fi ọgbọ́n sọ ọ́.

"Ní ọjọ́ kan, kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyá kan jáde nílé..."

Ibẹ̀ ló ti ṣì í. Ọmọ Fante tó bá bọ́ sí àárín àwọn èèyàn, tó bá la ẹnu báyẹn, àlọ́ ló ń pa. Bí Takoradi bá ti jẹ́ kí Kow gbàgbé, àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀, tí wọ́n ti gbàgbé gbogbo nǹkan yòókù, kò gbàgbé ìyẹn. Gbogbo wọn gbé orí sókè. Bàbá Fiifi, awakọ̀ ẹrù àtijọ́ tó máa ń fi gbogbo Ọjọ́bọ̀ sùn, la ojú méjèèjì.

"Aṣọ ti tú nídìí rẹ̀. Etí òkun làwọn apẹja ti rí i, ó ń bá omi jà, ó ń pe omi lólè..."

"Dá a dúró!"

Maame Otuwa ni. Ó ti na ọwọ́ sókè. Ohùn rẹ̀ le.

"Dá ìtàn yẹn dúró! Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà!"

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ náà nìyẹn. Ẹni tó ń gbọ́ àlọ́ lè dá apàlọ́ dúró nígbà tó bá wù ú, kó ní òun wà níbẹ̀, kó dá orin. Gbogbo ilé á gbè é, apàlọ́ á pa ẹnu mọ́ títí orin á fi tán, ì báà jẹ́ ọba. Ìyá náà sì dá orin:

"Akàn lọ ra fìlà o!"

"Orí dà? Orí dà?" Gbogbo wọn ló gbè é.

"Ó ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n wò!"

"Orí dà? Orí dà?"

Ẹ̀rín ń pa Araba, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Maame, àlọ́ kọ́ nìyí o!" Kow kígbe. "Egya, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀!"

"Jẹ́ kí orin tán ná," ni Egya Kwansa wí. Òun náà ti gbè é lẹ́ẹ̀mejì.

Orin tán. Kow fi ọwọ́ nu iwájú orí. "Wọ́n mú un wálé. Ọmọ tó bí dúró síwájú rẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Ó ní, ta nìyí?" Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti ṣẹ́. Araba gbójú sókè wò ó. Àṣé ibi tó ti ń dùn ún nìyẹn. "Àwọn ará àdúgbò ti ń sọ pé àjẹ́ ni..."

"Dá a dúró! Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà!"

"Maame!"

"Ta ló gbé ọkọ̀ mi lọ?" Ìyá náà ti dá orin mìíràn.

"Ìgbì ni o, ìgbì!"

"Ta ni yóò bá mi dá a padà?"

"Ìgbì náà ni!"

Bàbá Fiifi ti dìde, ó ń jó. Araba ń fi gbogbo agbára gbè é, ó ń gbè é sí Kow lójú. Ó ti pẹ́ tí gbogbo èèyàn ti ń sọ̀rọ̀ ìyá yìí lójú ara rẹ̀ bí ẹni tí kò sí nílé: ẹ tì í mọ́lé, ẹ fi aṣọ bò ó, ẹ gbé e lọ. Ó wà níbẹ̀ o! Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń sọ ọ́ ló wà níbẹ̀.

Nígbà tí orin tán, Kow họ orí. Ó wo ilẹ̀, ó wo òrùlé. "Níbo... níbo ni mo bá a dé?"

Araba mọ̀, kò sọ fún un. Egya Kwansa gbé èjìká sókè.

"Wọ́n ti mú un wálé," ni Maame Otuwa wí. "Kò mọ ọmọ rẹ̀. Wọ́n ń pè é lájẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ lo dé. Máa bá a lọ, ọmọ dáadáa."

Araba wo ojú ìyá rẹ̀, ó wá a níbẹ̀ bóyá ó mọ ẹni tí wọ́n ń sọ. Kò mọ̀. Àánú ìyá inú ìtàn ló ń ṣe é, bí àánú ẹnikẹ́ni tó wà nínú ìyọnu ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀.

"Kí ni wọ́n wá fi ìyá náà ṣe?" ni Maame Otuwa bi Kow.

Dẹ́rẹ́bà fun fèrè mọ́tò níta. Kow bojú wo Egya Kwansa.

"Èmi kọ́ ni mò ń pa á," ni bàbá náà wí. "Parí ẹ̀."

Kow yíjú padà sí ìyá rẹ̀. "Wọ́n fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, Maame. Wọn ò mú un lọ síbì kankan."

Egya Kwansa fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Mo ti gbọ́ ẹjọ́. Ẹ ní kí dẹ́rẹ́bà yẹn máa lọ."

"Ó ṣeun," ni Maame Otuwa wí, kò dá sí ọ̀pá. "Ọmọ tí kò mọ̀ yẹn ńkọ́?"

"Ó jókòó tì í," ni Kow wí. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi ẹsẹ̀ rẹ̀, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun.

Ìyá náà rẹ́rìn-ín sí i bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí àlejò tó mọ àlọ́ pa. Kò mọ̀ ọ́n. Araba rí i pé Kow náà rí i, kò sì dìde.