Bí Wọ́n Ṣe Sin Ìyá Salamatou Dé Ẹnu Ọ̀nà

Nígbà tí Ìyá Salamatou kú ní Manigri, pásítọ̀ kò sí nítòsí. Ó ti lọ sí ìpàdé sínódù ní Cotonou. Bàbá Souradjou tó jẹ́ olórí komité ìjọ náà kò sí nílé; ó wà ní Parakou, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú rẹ̀. Assana ló kù. Òun ni igbákejì olórí komité. Wọ́n yàn án sí ipò yẹn nítorí pé kì í pa ìpàdé jẹ, kì í ṣe nítorí pé ó fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn. Títí di ọjọ́ náà, kò darí ìpàdé kankan rí.

Inú oko kajú ló wà nígbà tí Ganiyatou wá bá a. Àsìkò tí kajú ń já bọ́ ni, gbogbo Manigri ló sì máa ń jí lọ sóko kí oòrùn tó mú. Ganiyatou wà nínú komité ìbẹ̀wò, àwọn tó máa ń lọ wo aláìsàn àti àgbàlagbà nílé wọn. Bí Assana ṣe rí i tó ń rìn bọ̀ láàárín igi, tí kò yára, tí kò sì kí i láti òkèèrè, ó gbé agbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀.

“Ìyá ti lọ,” ni Ganiyatou sọ.

“Ìgbà wo?”

“Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Mo gbé ẹ̀kọ mímu lọ fún wọn, mo bá wọn bí ẹni tó ń sùn. Àwọn ará ilé ti ránṣẹ́ sí Al-Amin, ọmọ wọn, ní Bassila. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ìrọ̀lẹ́ òní ni wọ́n máa sin wọ́n, àti pé lèmọ́mù ń bọ̀.”

Assana jókòó sórí gbòǹgbò igi kan. Ó sunkún díẹ̀, torí Ìyá Salamatou ló kọ́ ọ ní orin nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ ìjọ. Lẹ́yìn náà, ó nu ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tó kàn.

Pásítọ̀ kan ṣoṣo ni ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó wà ní Bassila, ní Manigri àti ní Pénéssoulou jọ ní, Bassila ló sì ń gbé. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ Àìkú ni Manigri kì í rí i. Àwọn ará ìjọ fúnra wọn ló ń mú iṣẹ́ lọ. Komité ìsìn ló ń yan ẹni tó máa wàásù àti orin tí wọ́n máa kọ. Komité ilé ló ń tọ́jú òrùlé, àga àti kànga. Àwọn obìnrin ní tiwọn, àwọn tó ń ṣe ìbẹ̀wò náà ní tiwọn. Olórí àwọn wọ̀nyí ló máa ń pàdé nínú komité ìjọ láti fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yìí kò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn rí.

Ìdí ni pé Ìyá Salamatou nìkan ni ọmọ ìjọ nínú ilé rẹ̀. Mùsùlùmí ni ọkọ rẹ̀, Mùsùlùmí ni àwọn ọmọ rẹ̀, òun náà sì ti ń kírun kó tó di pé ó gbọ́ ìwàásù ní ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì kéré. Ọkọ rẹ̀ kò lé e, kò sì bá a jà. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọkọ á lọ sí mọ́sáláṣí. Lọ́jọ́ Àìkú, aya á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Báyìí ni wọ́n ṣe títí bàbá fi kú, tí wọ́n sì sin ín sí ẹ̀yìn ilé.

Assana pe pásítọ̀ lórí tẹlifóònù. Ariwo èèyàn pọ̀ lẹ́yìn ibi tí pásítọ̀ wà, ó ní láti jáde síta kó tó lè gbọ́rọ̀ dáadáa.

“Mi ò lè dé kí wọ́n tó sin wọ́n,” ló sọ. “Kí lẹ fẹ́ ṣe?”

“Ẹ̀yin la fẹ́ bi.”

“Màmá Assana, ẹ̀yin lẹ mọ ilé yẹn. Ẹ pe komité jọ. Ohun tẹ́ ẹ bá jọ pinnu, mo fara mọ́ ọn.”

Assana fẹ́ sọ fún un pé òun kò lè ṣe é. Kàkà kó sọ bẹ́ẹ̀, ó ní, “Ó dáa, pásítọ̀,” ó sì ránṣẹ́ sí àwọn tó kù.

Wọ́n pàdé nínú ilé ìsìn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wọ aṣọ oko. Assana jókòó síbi tí Bàbá Souradjou máa ń jókòó, ó sì gbàdúrà ní ṣókí. Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kankan lẹ́yìn àdúrà tí Bàbá Idrissou fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Bàbá Idrissou ni olórí komité ilé, òun náà ló máa ń dá orin fún ìjọ, ohùn rẹ̀ sì máa ń kún ilé.

“Ọmọ ìjọ ni,” ló sọ. “Ibí yìí ló ti ṣe ìrìbọmi. Ìdàpọ̀ mímọ́ tó gbà kẹ́yìn, èmi ni mo mú pásítọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀. Bí a bá jẹ́ kí wọ́n sin ín bí ẹni pé kò mọ̀ wá rí, kí la máa sọ fún àwọn arúgbó tó kù láàárín wa? Ẹ jẹ́ ká lọ gbé e wá síbí, ká ṣe ìsìn fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n wá gbé e lọ síbi tó bá wù wọ́n.”

“Bàbá, ta ló máa lọ gbé e?” Nimatou, olórí àwọn obìnrin, ló béèrè. “Inú ilé wọn ló kú sí. Àwa àti àwọn la jọ ń pọn omi ní kànga kan náà. Lọ́la ńkọ́, báwo la ṣe máa wo ojú ara wa?”

Ọ̀rọ̀ náà lọ, ó bọ̀. Àwọn kan dara pọ̀ mọ́ Bàbá Idrissou, àwọn kan wà lẹ́yìn Nimatou. Assana tẹ́tí sí gbogbo wọn. Nígbà tó yá, ó béèrè pé, “Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni bi ìyá léèrè rí? Ṣé wọ́n sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ìsìnkú wọn rí?”

Ganiyatou ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

“A gbálẹ̀ fún wọn, a fọ aṣọ, a gbàdúrà,” ló sọ níkẹyìn. “A ò bi wọ́n. Báwo lèèyàn ṣe máa bi àgbàlagbà pé níbo ni ká sin yín sí?”

“Nígbà náà, àwa náà ò mọ̀,” ni Assana sọ. “Bí a bá sọ pé ohun tí wọ́n fẹ́ nìyí, a ò sọ òótọ́. Mo rò pé ká lọ sí ilé wọn. Ká má lọ gba òkú, ká lọ bá àwọn ará ilé ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ká bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká kọrin kí wọ́n tó gbé ìyá jáde. Bí wọ́n bá kọ̀, ká padà síbí, ká ṣe ìsìn tiwa.”

Ó ní kí àwọn tó bá fara mọ́ ọn na ọwọ́ sókè. Ọ̀pọ̀ na ọwọ́. Bàbá Idrissou kò na tirẹ̀.

“Mi ò fara mọ́ ọn,” ló sọ, kò sì gbé ohùn sókè. “Àmọ́ komité ti pinnu. Mo máa bá yín lọ.”

Nígbà tí wọ́n dé ilé olókùú, Al-Amin ti dé láti Bassila. Òun ni àkọ́bí Ìyá Salamatou, káfíńtà ni. Ẹ̀rún igi ṣì wà lára ẹ̀wù rẹ̀, ìyẹn ni pé ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti pè é. Àwọn ará ìjọ mọ̀ ọ́n dáadáa, torí òun ló kan àwọn àga tí wọ́n ń jókòó lé nínú ilé ìsìn. Ó dìde nígbà tó rí wọn, ojú rẹ̀ sì le.

“Ẹ kú ìrọ́jú o,” ni Assana kí i.

“A dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n, mo mọ ohun tẹ́ ẹ bá wá. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe lónìí.”

“Omi la wá pọn,” ni Assana fèsì.

Nimatou àti àwọn obìnrin yòókù ti gba ẹ̀yìn ilé kọjá, wọ́n gbé bàsíà, wọ́n sì bá àwọn ìyàwó ilé lọ sí kànga. Àwọn ọkùnrin ìjọ náà béèrè ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀, wọ́n gba ọkọ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ti rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè bàbá ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ sí. Ilẹ̀ le gan-an ní àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó ní agbára láti máa sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Nígbà tí ara Al-Amin rọlẹ̀ díẹ̀, Assana lọ jókòó tì í.

“Al-Amin, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Bí o kò bá fẹ́ dáhùn, kò burú. Ǹjẹ́ ìyá bá ọ sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ sin wọ́n?”

Al-Amin wo ilẹ̀.

“Wọ́n bá mi sọ ọ́. Ọjọ́ tí mo wá tún fèrèsé wọn ṣe ni. Wọ́n ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá ni kí a sin àwọn sí. Wọ́n tún ní kí àwọn tó máa ń kọrin wá sin àwọn dé ẹnu ọ̀nà.” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. “Mo ní mo gbọ́. Àmọ́ mi ò mọ bí mo ṣe máa gbé ọ̀rọ̀ yẹn dé iwájú Bàbá Chérif. Láti àárọ̀ ni mo ti ń rò ó.”

Bàbá Chérif ni àbúrò bàbá rẹ̀ tó kù láyé, òun sì ni olórí ilé náà.

“Ṣé kí n bá ọ lọ?” ni Assana béèrè.

Àwọn méjèèjì dìde. Bàbá Idrissou, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọkọ́ sílẹ̀, rí wọn, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀, ó sì tẹ̀ lé wọn.

Orí ẹní ni Bàbá Chérif jókòó sí, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Assana kúnlẹ̀ kí i. Al-Amin ló sọ̀rọ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe sọ ọ́, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Bàbá Chérif ń yí ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ó gbójú sókè wo Assana.

“Níbo lẹ máa dúró sí?”

Ìbéèrè yẹn ya Assana lẹ́nu. “Nínú àgbàlá, Bàbá.”

“Oòrùn pọ̀ níbẹ̀. Ẹ dúró sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń jókòó sí lọ́jọ́ Àìkú tó bá ń retí kí ìyàwó rẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀ ló yẹ ká ti parí.”

“A ò ní pẹ́,” ni Bàbá Idrissou sọ. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ látìgbà tí wọ́n ti dé nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n gbé Ìyá Salamatou jáde nínú yàrá, tí wọ́n ti fi aṣọ funfun wé e, àwọn ará ìjọ tò sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Assana gbàdúrà. Kò gùn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyá àti fún ilé tó tọ́jú rẹ̀. Bàbá Idrissou wá dá orin tí ìyá fẹ́ràn jù, ohùn rẹ̀ sì lọ geere ní ẹsẹ kìíní. Ní ẹsẹ kejì, ó bú sẹ́kún, orin náà sì dúró. Àwọn tó ń gberin kò tètè mọ ibi tí wọ́n máa gbà á.

Obìnrin kan ló gbà á láti ẹ̀yìn, níbi tí àwọn ará ilé dúró sí. Awaou ni, ìyàwó Bàbá Chérif. Ó ti lé ní ogún ọdún tí òun àti Ìyá Salamatou ti jọ ń gún iyán nínú àgbàlá yẹn, kò sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rí. Ó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ orin náà. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni bó ṣe ń kọ ọ́. Àwọn yòókù dara pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì rìn díẹ̀díẹ̀ tẹ̀ lé òkú títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà.

Níbẹ̀ ni àwọn ará ìjọ dúró sí. Àwọn ará ilé gbé e yí lọ sẹ́yìn ilé. Lèmọ́mù, tó ti dé, tó sì jókòó jẹ́ẹ́ títí orin fi parí, bá wọn lọ, ó gbàdúrà fún àwọn ọmọ tí ìyá fi sílẹ̀. Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí wọ́n parí.

Bí Al-Amin ṣe ń sin Assana jáde, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé tẹ́ ẹ bi mí.”

Nígbà tó yá, pásítọ̀ dé láti Cotonou, Bàbá Souradjou náà padà dé pẹ̀lú dígí dúdú lójú. Komité ìjọ pàdé. Assana ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi kún un. Pásítọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ti fẹ́ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn nígbà tí Bàbá Idrissou na ọwọ́.

“Mo ní ohun kan láti sọ,” ló wí. “Ká ní ẹ gba ọ̀rọ̀ mi lọ́jọ́ yẹn, à bá ti bá ilé yẹn jà, ohun tí ìyá fẹ́ kò sì ní ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ kí komité ìbẹ̀wò máa bi àwọn àgbàlagbà léèrè bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ìsìnkú àwọn rí. Kí wọ́n fi pẹ̀lẹ́tù bi wọ́n, kí àwọn ọmọ wọn sì wà níbẹ̀. Ó ṣòroó bi, mo mọ̀. Síbẹ̀, kí wọ́n bi wọ́n.”

Wọ́n dìbò sí i, gbogbo wọn ló sì na ọwọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

“Ta la máa kọ́kọ́ bi?” ni Ganiyatou béèrè. Ìtìjú ṣì wà lójú rẹ̀.

Assana wo yíká àwọn tó jókòó. “Bàbá Idrissou ló dàgbà jù níbí,” ló sọ. “Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́? Báwo lẹ ṣe fẹ́ kó rí?”

Àwọn kan fi ọwọ́ bo ẹnu kí wọ́n má baà rẹ́rìn-ín. Bàbá Idrissou rò ó fún ìgbà díẹ̀, ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀.

“Mi ò tíì mọ̀,” ló dáhùn. “Ẹ jẹ́ kí n lọ bi ìyàwó mi.”