Iyọ̀ Ojú Fèrèsé Ermelinda

Kí oòrùn tó yọ lẹ́yìn òkè ní ọjọ́ Sátidé náà, Ermelinda ti gbé omi kaná. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni, ilé onípáànù tí ó dúró lókè èbúté Valparaíso yìí ni ó sì fẹ́ kú sí. Ṣùgbọ́n Maruja, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti sọ pé ojú ìyá òun ti ń ṣú. Ó ní òun yóò gbé mọ́tò wá ní àkókò tíì ìrọ̀lẹ́, òun yóò sì kó o lọ sí Quilpué, níbi tí a kì í ti í rí òkun, àfi bí ìyá náà bá lè jókòó sórí àga rẹ̀ kí ó ka orúkọ ọkọ̀ tí ó gúnlẹ̀ sí èbúté.

“Ojú mi kọ́ ló ṣú,” ni Ermelinda wí, “fèrèsé ni.”

Maruja rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ọṣẹ fọ dígí náà ní Ọjọ́bọ̀. “Màámi, ẹ má purọ́ mọ́ fèrèsé.”

Ìyá náà mọ̀ pé ọṣẹ a máa fi ọ̀rá sílẹ̀ lára dígí. Ó sì mọ̀ pé inú nìkan ni Maruja nù, nítorí ọ̀gbun ni ó wà lábẹ́ ìta, bẹ́ẹ̀ ìta gan-an ni iyọ̀ òkun ń dì sí. Olóògbé ọkọ rẹ̀ ni ó máa ń so okùn mọ́ ìdí láti fọ̀ ọ́. Ó ti di ọdún mẹ́fà tí ó ti kú.

Ó yọ fèrèsé náà kúrò lára férémù, ó sì wọ́ ọ dé orí tábìlì. Láti ojú àlàfo tí ó ṣí sílẹ̀, ó rí èbúté kedere. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni í gbé ilé tí afẹ́fẹ́ òkun ń gba inú rẹ̀ kọjá?

Omi lásán ni ó kọ́kọ́ dà sí i, nítorí ẹni tí ó bá nu iyọ̀ ní gbígbẹ yóò ha dígí. Lẹ́yìn náà ni ó po ife ọtí kíkan kan mọ́ ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ méjì. Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, níbi tí oòrùn kò dé, kí ó má baà gbẹ ní ilà-ilà. Ó wá rún ìwé ìròyìn, ó fi nù ún títí dígí fi ń han, tí ọwọ́ rẹ̀ sì dúdú fún tàdáwà.

Fèrèsé ṣì wà lórí tábìlì nígbà tí Maruja wọlé.

“Ẹ fẹ́ pa ara yín ni, Màámi?”

“Di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, kí o yé sọ̀rọ̀.”

Àwọn méjèèjì gbé e padà. Ermelinda jókòó sórí àga rẹ̀, ó ní: “*Santa Eduvigis*. Ìdí rẹ̀ pupa, ọkùnrin kan sì ń kùn ún lọ́dà. Ó yá, ìwọ náà kà á.”

Maruja fún ojú pọ̀, ó sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi kan dígí, kò rí i kà. Ó yọ awò ojú nínú àpò rẹ̀, ó fi í sójú, ó wo ọkọ̀ náà pẹ́.

“*Santa Eduvigis* ni lóòótọ́,” ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́, ó sì bọ́ kóòtù rẹ̀ láti lọ gé búrẹ́dì tí wọn yóò fi mu tíì níbẹ̀.

“Dúró ná,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Imú rẹ ti ba dígí mi jẹ́. Ìwé ìròyìn wà lórí tábìlì.”