Ìwádìí Àfẹ́sọ́nà Àkúdàáyà

Ẹ jẹ́ n rọ́ àlá Ìbídùn fún yín bó ṣe rọ́ ọ fún wa. Oorun ọ̀sán ló gbé àlá náà wá, lórí ẹní, lẹ́yìn tó ka ìwé ìfẹ́ kan tán tí ìwé náà sì já a kulẹ̀.

Ìfẹ́ Tèmídire àti Bánjọ ló wà nínú ìwé ọ̀hún. Àkúdàáyà ni Bánjọ: ó ti kú ní Ìmẹ̀sí, ó wá ń gbé ìlú mìíràn bí alààyè. Bí ará Ìmẹ̀sí kan bá fi lè rí i, yóò pòórá. Nígbà tí Ìbídùn bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, ó ní ìfẹ́ tó ju ikú lọ rèé. Àṣé Bánjọ kàn máa ń wo Tèmídire ni. Ó wò ó lójú fèrèsé, ó wò ó nínú òjò, ó wò ó dé orí tó gbẹ̀yìn. Iṣẹ́ Tèmídire ni kí ọkàn rẹ̀ máa lù kìkìkì. Lójú ewé tó kẹ́yìn, ẹbí Tèmídire ní àwọn fẹ́ wádìí ìdílé ọkọ, kí wọ́n tó fọmọ fún un. Bánjọ bá di ìkùukùu. Ó parí. Ìbídùn ju ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sùn.

Bó ti sùn, ìwé náà fi igun rẹ̀ gún un ní ìhà.

"Ṣé o ti kà mí tán?"

"Mo kà ọ́ tán. O ò dùn."

"Èmi náà mọ̀," ni ìwé wí. "Dìde, ká lọ tún òpin mi ṣe kí wọ́n tó jẹ ẹ́."

Ìbídùn ò bèèrè ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́. Ó wọ bàtà rẹ̀, wọ́n lọ.

Ojú òfurufú ni ọ́fíìsì ìwádìí ìdílé wà, lókè pápá bọ́ọ̀lù. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ òpó gòólù kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Ìbídùn fa okùn náà, ọ́fíìsì rọra sọ̀kalẹ̀ dé ìwọ̀n orókún rẹ̀, ó gbẹ́sẹ̀ wọlé. Bánjọ àti Tèmídire ti wà lórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀gá ọ́fíìsì, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan, ń bi Bánjọ léèrè.

"Ikú wo ló pa ọ́?"

"Mo já láti orí igi àgbálùmọ̀ ni, sà."

"A jẹ́ pé kì í ṣe àìsàn ìdílé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣé wèrè wà nílé yín?"

"Kò sí, sà."

"Olè ńkọ́?"

"Àgbálùmọ̀ yẹn nìkan, sà. Igi onígi ni."

Ọ̀gá ní kò burú. Ó ní ó ku kí àwọn ránṣẹ́ sí Ìmẹ̀sí, kí wọ́n bi àwọn ará ibẹ̀ bóyá wọ́n mọ Bánjọ. Gbogbo ọmọ-ìka ẹsẹ̀ Bánjọ bẹ̀rẹ̀ sí í di ìkùukùu.

"Ẹ dákun, sà," ni Ìbídùn wí, "bẹ́ ẹ bá ránṣẹ́ síbẹ̀, ọkùnrin yìí tán nìyẹn."

"Ṣé o fẹ́ ká fa ọmọ ọlọ́mọ lé ẹni tá ò mọ ilé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ni?"

"Bẹ́ ẹ bá bi ọmọ náà fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

Ọ̀gá ronú sí i. Bó ti ń ronú, irùngbọ̀n rẹ̀ ń gùn, ìwo yọ lórí rẹ̀, ó di òbúkọ. Akọ̀wé rẹ̀ náà di ewúrẹ́. Ìbídùn kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́. Òbúkọ na ọrùn, ó fa ewé tó gbẹ̀yìn ya lára ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀.

"Bó bá jẹ ẹ́ tán," ni ìwé wí, "ẹ ò ní òpin kankan mọ́. Ìkùukùu pàápàá ò ní sí."

Ìbídùn kọjú sí ọmọbìnrin náà. "Tèmídire, ṣé o fẹ́ ẹ?"

"Ọkàn mi ń lù kìkìkì."

"Mi ò bi ọ́ ní ti ọkàn."

Tèmídire wolẹ̀. "Kò sẹ́ni tó bi mí rí. Òun gan-an ò bi mí. Ó kàn ń wò mí bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n."

Ìkùukùu ti dé orókún Bánjọ. "Ẹni tó kọ wá ló ní kí n máa wò ọ́," ló wí. "Kò fún mi lọ́rọ̀ kankan sọ."

"Wá ọ̀rọ̀ fúnra ẹ," ni Ìbídùn wí. "Òbúkọ ń jẹun lọ."

Bánjọ wo òbúkọ. Ó tún fẹ́ máa wo Tèmídire, ni Ìbídùn bá fọwọ́ gbá a lórí.

"Kí... kí lo jẹ láàárọ̀?"

"Ẹ̀wà," ni Tèmídire dáhùn. "Ó jóná díẹ̀."

"Ta ló jẹ́ kó jóná?"

"Èmi ni. Mo wà lójú fèrèsé, mò ń wò ọ́ bó o ṣe ń wò mí."

Bánjọ bú sẹ́rìn-ín. Tèmídire náà rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni ẹsẹ̀ Bánjọ ń padà di ẹsẹ̀.

"Màá máa jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀," ló wí, "bó o bá fẹ́ mi."

"Mo fẹ́ ọ. Ṣùgbọ́n má dúró sínú òjò mọ́."

Òbúkọ dáwọ́ jíjẹ dúró. Ìdajì ojú ewé ló kù. Ìwé bi wọ́n bóyá ó tó wọn, wọ́n ní ó tó. Ewúrẹ́ akọ̀wé fi pátákò lu òǹtẹ̀ sí i, ọ̀gá sì ké "mẹ̀ẹ́" láti fi hàn pé ìwádìí ti parí.

Igbe yẹn ló jí Ìbídùn. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń wá. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí Múfútàú, ọmọ ilé kejì, tó fi apá méjèèjì lé orí ògiri, tó ń wo ọ̀dọ̀ wọn jẹ́ẹ́.

"Múfú, kí lò ń wò?"

"Ewúrẹ́ ló ń jẹ ìró màmá yín tẹ́ ẹ sá."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti ṣe díẹ̀."

"O ò sì lè pè wá?"

Múfútàú wolẹ̀. "Mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ni."

Ìbídùn jáde, ó gba ìró lẹ́nu ewúrẹ́. Ìdajì ló kù. Ó gbọ̀n ọ́n, ó gbé e kọ́ èjìká, ó wá bi Múfútàú pé kí ló jẹ láàárọ̀.