Ilẹ̀ Tí Wọ́n Ní Kò Lónílẹ̀

Kàfáyàt kì í sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àfi tó bá di dandan, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kì í sinmi. Al Baraha, nílẹ̀ àwọn Lárúbáwá, ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, níbi tí ọ̀gá rẹ̀, Alhaji Waheed, ti ń tẹ bánà àti lébẹ́ẹ̀lì fún àwọn tó ń kó ẹrù lọ sí Èkó. Nígbà tí obìnrin adúmáadán kan wọlé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Kàfáyàt tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. Ó ní Janet lorúkọ òun, Australia lòun ti wá, olùkọ́ lòun ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Sharjah. Ayẹyẹ wà nílé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ni yóò gbé bánà ìlú rẹ̀ kọ́. Tòun lòun wá gbà.

"Australia?" Kàfáyàt wò ó látòkè délẹ̀. "Mo rò pé òyìnbó ló wà níbẹ̀."

"Gbogbo ènìyàn ló ń rò bẹ́ẹ̀. Nílùú mi gan-an, wọ́n máa ń bi mí pé níbo ni mo ti wá."

Kàfáyàt tẹ́ bánà náà sórí tábìlì. Janet kà á, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní kí wọ́n fi kọ ọ́ pé ìlú tuntun ni, lórí ilẹ̀ tí kò lónílẹ̀.

"Mi ò lè gbé èyí kọ́," ló wí. "Àwọn baba ńlá mi ti wà níbẹ̀ kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀. Irọ́ yìí gan-an ni wọ́n fi gba ilẹ̀ wa. Àwọn èèyàn wa jà, wọ́n kú sí i, a ò sì tíì dákẹ́. Ṣùgbọ́n aago méjì ni ayẹyẹ yìí, oṣù yìí sì ni wọ́n máa pinnu bóyá wọ́n á tún visa mi ṣe. Ọ̀gá mi ò fẹ́ olùkọ́ tó ń jiyàn."

Ìbéèrè ń hó nínú Kàfáyàt. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, nígbà tí àwọn òyìnbó dé, ta ni wọ́n tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀? Ṣé wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀?"

Janet ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kàfáyàt ṣàlàyé pé nílé àwọn, àlejò tó bá fẹ́ dáko á tọrọ ilẹ̀. Lọ́dọọdún ló máa ń gbé nǹkan lọ fún onílẹ̀, ìbáà ṣe iṣu díẹ̀, kí ayé lè mọ̀ pé òun kọ́ ló nilẹ̀.

Janet ní, "Iṣu kan ṣoṣo, wọn ò fún wa."

Alhaji Waheed gbórí sókè nídìí ẹ̀rọ. "Kàfáyàt, ohun tí kọ́sítọ́mà bá kọ la ń tẹ̀. Khalas, ó parí. Kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ ìlú onílùú? Yalla, ó yá, di bánà fún wọn, Sharjah jìnnà."

Ó yẹ kí Kàfáyàt dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orí bánà yẹn ń dún létí rẹ̀, bí ohun tó ti gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan rí. Ó wá rántí ẹni náà.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Waheed fi pa ẹ̀rọ kó tó gbọ́ ọ. "Ilé tiwa náà ṣe é. Àlejò ni bàbá bàbá mi ní oko kan lẹ́yìn Ìkirè. Ìyá àgbà ló ń ru iṣu ìṣákọ́lẹ̀ lọ lọ́dọọdún. Nígbà tí kòkó so, bàbá àgbà ò rán ìyá àgbà lọ mọ́. Àwọn ọmọ onílẹ̀ wá bèèrè, bàbá àgbà ní igbó lásán lòun bá, pé kò lónílẹ̀. Ìyá àgbà jókòó síbẹ̀, pẹ̀lú orí tí wọ́n fi ń ru iṣu."

Waheed wò ó. Onílẹ̀ làwọn ará ilé tirẹ̀ lẹ́yìn Ìbàdàn, ẹjọ́ wọn pẹ̀lú àwọn tó gba ilẹ̀ náà sì ti wà ní kóòtù kí wọ́n tó bí i.

"Ọdún méjì lo ti ń jẹ ìrẹsì mi," ó ní, "o ò sọ pé ọmọ ajagungbalẹ̀ ni ẹ́."

"Ẹ ò bi mí, sà."

Waheed fa fóònù yọ, ó pe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. "Sir, ìlà kan wà lórí bánà yín tí mi ò lè fọwọ́ sí. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi wà nígun ẹ̀. Nílé wa, ẹni tórúkọ ẹ̀ bá wà lórí ìwé ilẹ̀, ẹlẹ́rìí ni. Mi ò lè jẹ́rìí ohun tí ojú mi ò tó."

Ọ̀gá béèrè ẹni tó ṣàròyé. Janet di etí tábìlì mú.

"Èmi ni, sir," Waheed ní. "Èmi ni mo rí i."

Ọ̀gá náà ní kí wọ́n yọ ọ́, kí bánà ṣáà dé kí aago méjì tó lù.

Kàfáyàt pa ìlà náà rẹ́ lójú kọ̀ǹpútà. Ààyè ńlá ṣófo. "Kí la fẹ́ fi síbẹ̀, mà?"

"Wọ́n ní ká yọ ọ́," Waheed ní, "wọn ò sọ pé ká má fi nǹkan mìíràn sí i."

Janet pe orúkọ àwọn èèyàn rẹ̀ fún un ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: Wiradjuri. Ó ní àwọn ni wọ́n ń pè ní ará odò mẹ́ta. Kàfáyàt bi í bóyá ẹ̀rù ò bà á.

"Ó ń bà mí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi mí, màá dáhùn."

Nígbà tí Janet gbé bánà tuntun lọ tán, Kàfáyàt bọ́ síta, ó pe Ìkirè.

"Ìyá àgbà, àwọn tí ẹ ń ru iṣu lọ fún yẹn, kí lorúkọ ilé wọn?"

Ìyá àgbà ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni, mà."

"Bàbá ẹ ò bi mí rí," ìyá àgbà ní. "Ó dáa. Mú bírò."