Òrùka Tó Gba Èèyàn Méjì

Kúnlé, jẹ́ kí n rọ́ àlá mi fún ọ kí o tó tan ẹ̀rọ tó ń gé òrùka. Mo ń ṣe òrùka ìgbéyàwó Bọ́lá àfẹ́sọ́nà mi ní ṣọ́ọ̀bù wa níbí. Mo fi sọ́fúwià tèmi yàwòrán rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà méjìdínlógún. Sọ́fúwià tìrẹ, tó ń darí ẹ̀rọ, kà á sí íńṣì méjìdínlógún! Òrùka tó tó táyà kẹ̀kẹ́ ló jáde. Mo ń wá ibi tí màá fi pamọ́ sí ni Bọ́lá yọ láti inú ẹ̀rọ. Ó kó sínú òrùka, ó fà mí wọlé, àwa méjèèjì há. Ó ní, "Ó kúkú gbà wá."

Ẹ̀rín ló jí mi. Mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ o, àmọ́ bá mi yẹ ìwọ̀n wò ká tó gé e lónìí. Mo ti pe Bọ́lá láàárọ̀ yìí, mo rọ́ àlá náà fún un. Ó ní ká má tún ìwọ̀n náà ṣe, ká jẹ́ kó gba àwa méjèèjì.