Òwú Pupa Méje

"Wọn ò gbà, Ìyá," akọ̀wé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ àmì òwò sílẹ̀ wí. Ó tẹ́ lẹ́tà sórí tábìlì, ó fi ìka tọ́ka sí ìlà kẹta. "Àjọ àgbáyé tó ń ran àwọn tí ogun lé kúrò nílé lọ́wọ́ ò yọ̀ǹda kí àmì wọn wà nínú àmì òwò yín. Láìsí ìyọ̀ǹda wọn, àwa náà ò lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀."

Ìyá Oníbáàgì ò wo ìka rẹ̀. Ó gbé lẹ́tà náà sún mọ́ ojú, ó ń kà á fúnra rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Oṣù mẹ́rin ló fi dúró dè é. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé sí wọn; ojú ìwé mẹ́jọ ló bàjẹ́ kó tó rí ọ̀kan tó mọ́ fi ránṣẹ́.

Ó yọ káàdì gbígbó kan jáde. "Wọ́n tẹ àmì yìí sára káàdì tí mo fi ń gba oúnjẹ nígbà tí ogun lé wa dé àgọ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára tapólì tí mo fi ọdún mẹ́ta sùn sábẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí mo wá fi tapólì rán báàgì ni wọ́n rántí pé àwọn ló ni ín?"

"Ìyá, káàdì kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Bí a bá gbà fún yín, lọ́la ẹlòmíì á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ayédèrú oògùn, aráyé á ní àjọ ló ṣe é."

Ọ̀rọ̀ náà yé e. Inú rẹ̀ ò tìtorí ìyẹn rọ̀.

"Màámi," ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jókòó tì í wí, "a kì í du orí olórí kí àwòdì gbé tẹni lọ. Ọkùnrin ìsọ̀ kejì tó ń wo báàgì wa rán irú rẹ̀ ti wá gba fọ́ọ̀mù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ yín nìkan."

"Ìyá Oníbáàgì? Àwa mélòó ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé?"

Akọ̀wé fọwọ́ bo ẹ̀rín.

Ìyá náà gbé báàgì tó kọ́kọ́ rán sórí tábìlì. Atẹ́gùn ló ya tapólì yẹn ní àgọ́; òwú pupa méje, tó rí bí ẹsẹ̀ adìẹ, ló fi gán an pọ̀. Láti ìgbà náà, kò sí báàgì rẹ̀ tí kò ní in. Ọkùnrin ìsọ̀ kejì da àmì àjọ kọ pátá, ṣùgbọ́n ó fo òwú náà. Ó rò pé àbùkù ni.

"Ta ló ni èyí?"

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ wo báàgì náà. "Mi ò rí irú rẹ̀ nínú ìwé wa rí."

"Mo ní ta ló ni ín."

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ọwọ́ ta ni mo wá fẹ́ ti tọrọ rẹ̀? Àmì tiwọn, inú báàgì ni màá máa yí i sí. Ẹ fún mi ní fọ́ọ̀mù."

Ọmọ rẹ̀ nawọ́ sí bírò láti bá a kọ ọ́.

"Fi sílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n kọ."

Ó fa ìlà méjèèje òwú náà síbi àmì òwò lórí fọ́ọ̀mù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tẹ bírò débi pé wọ́n yọ lára ojú ìwé kejì.