Ìró Àgbá Méjì Tó Dín

Bí ọ̀rọ̀ bá dun Ṣàmsúdéènì, kì í pariwo, kì í sì í bú èèyàn. Ìkíni ló máa ń dín kù. Ọdún kẹta nìyí tí Sherifdeen, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ wa bọ́ọ̀sì títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ti ń kí i ní mọ́ṣáláṣí Peckham ní gbogbo Jímọ̀: "As-salaamu alaykum wa rahmatullahi wa barakaatuh." Odindi ni, kò yọ ẹyọ kan. Ṣàmsúdéènì á ní, "Wa alaykum," á pa ẹnu dé, á sì máa wá bàtà rẹ̀ kiri. Lójú tirẹ̀, ó ti ṣe ti Ọlọ́run, nítorí dandan ni kí èèyàn dáhùn sálámà. Sherifdeen ni kò fún ní nǹkan kan.

Ohun tó fà á kò fara sin. Nígbà tí ìyá Ṣàmsúdéènì kú ní Ìsẹ́yìn, ọjọ́ náà ni wọ́n sin ín, bí ìṣe mùsùlùmí, ọmọ tó wà ní London kò sì lè bá a. Ilé rẹ̀ ní Nunhead làwọn èèyàn ti wá bá a kẹ́dùn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wá, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wá. Sherifdeen ni kò yọjú títí wọ́n fi ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ tán. Ọjọ́ kejì àdúà náà ló tó dé, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, torí wọn ò tíì fẹ̀yìn tì nígbà náà. Ṣàmsúdéènì yọjú lójú fèrèsé, ó rí i, ó ní kí Mìsítúrà ìyàwó òun sọ pé òun ń sùn. Bí Sherifdeen ṣe gbé ìkíni rẹ̀ padà sílé nìyẹn.

Ní báyìí, Sherifdeen ń padà sí Ìbàdàn pátápátá. Ọ̀la Sátidé ni bàlúù rẹ̀ máa gbéra. Mìsítúrà sọ ọ́ láàárọ̀, ó tún un sọ lọ́sàn-án: "Bàbá Nusaybah, bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́." Ṣàmsúdéènì ní òun ti gbọ́. Sherifdeen kò sì wá sí Jímọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹrù ló ń dì. Ṣàmsúdéènì tí kì í fẹ́ kí i tán lẹ́nu wá ń wo ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ṣáá. Kò sí Jímọ̀ mìíràn mọ́.

Nírọ̀lẹ́, Nusaybah ọmọ wọn, tó ń kọ́ ìmọ̀ ìtàn ní yunifásítì, ní kí bàbá òun gbọ́ iṣẹ́ tí òun máa kà níwájú kíláàsì.

"Daddy, ẹ má sùn o. It's about a fort."

"Mi ò sùn. Fort wo?"

Odi kan ni, ní erékùṣù kékeré tí wọ́n ń pè ní Statia, nínú òkun Kàríbíánì, tó wà lábẹ́ àwọn ará Hóláǹdì nígbà náà. Orí òkè ló wà, àwọn àgbá rẹ̀ kọjú sókun, àwọn sójà díẹ̀ sì ń ṣọ́ ọ. Ní 1776, ọkọ̀ kan dé láti Amẹ́ríkà, tó ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà lọ́wọ́ kó lè gba òmìnira. Ó yin àgbá sójú ọ̀run, bí ọkọ̀ ṣe ń kí odi láyé ọjọ́un. Ọ̀gá sójà inú odi kò mọ èyí tí òun ì bá ṣe. Bó bá dáhùn, inú á bí Gẹ̀ẹ́sì. Bí kò bá dáhùn, ìwọ̀sí ni.

"Kí wá ni wọ́n ṣe?" Ṣàmsúdéènì ti sún wá sétí àga.

"Governor erékùṣù náà ní kí wọ́n dáhùn. But wọ́n yọ méjì kúrò nínú iye tí ọkọ̀ yẹn yìn, bí wọ́n ṣe máa ń kí ọkọ̀ oníṣòwò lásán, so that wọ́n á lè sọ pé àwọn ò kí orílẹ̀-èdè kankan."

Ṣàmsúdéènì rẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́. "Ọlọ́gbọ́n ni wọ́n. Wọ́n dáhùn, wọn ò dáhùn."

"Not really, Daddy. Àwọn Amẹ́ríkà ò wo ti méjì yẹn, inú wọn ṣáà dùn. Gẹ̀ẹ́sì náà ò wò ó. Nígbà tó yá wọ́n kó ọkọ̀ ogun wá, the fort gave up almost straight away. Sójà ibẹ̀ ò tó nǹkan."

"Méjì tí wọ́n wá yọ ńkọ́?"

"Kò ṣe nǹkan kan fún wọn." Nusaybah ju ìpékeré sẹ́nu, ó ṣí ojú ìwé mìíràn. Kò mọ ohun tó sọ.

Mìsítúrà mọ̀ ọ́n. Ó gbé aṣọ tó ń ká lọ́wọ́ sílẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀.

Ṣàmsúdéènì rò pé òun àti Sherifdeen nìkan ló mọ ohun tí òun ń yọ nínú sálámà. Ṣé gbogbo mọ́ṣáláṣí kọ́ ló ń gbọ́ ọ? Ó rántí ìyá rẹ̀, tó máa ń dúró kí oníṣu, kí onígi, títí oòrùn á fi mú tìyátọmọ sójú ọ̀nà oko. Ìtìjú mú un. Àárò ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì sọ ọ́ gidigidi.

"Nusaybah, mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò."

"Where are we going?"

"Brockley. Ilé Uncle Sherifdeen."

Jálẹ̀ ọ̀nà ló ń bá ara rẹ̀ jiyàn. Òun lẹ̀gbọ́n. Àgbà kì í kọ́kọ́ kí àbúrò. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sherifdeen ṣílẹ̀kùn, téèpù tó fi ń di báàgì lọ́wọ́, tó fẹ́ lanu, Ṣàmsúdéènì ti ṣáájú rẹ̀.

"As-salaamu alaykum wa rahmatullahi wa barakaatuh."

Téèpù bọ́ lọ́wọ́ Sherifdeen. Kò dáhùn sálámà yẹn rárá, kò sì sẹ́ni tó bi í. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín ẹrù, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ kú ara fẹ́ra kù Màmá. Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ wọn. Ẹ̀yìn wọn á dára. Ẹ̀yin náà á pẹ́ fún wa. Mo gbé ìkíni yìí wá sílé yín nígbà yẹn, sir. Wọ́n ní ẹ ń sùn."

Ṣàmsúdéènì di férémù ilẹ̀kùn mú. Ẹkún ìyá rẹ̀, tí kò tíì sun láti ọjọ́ yìí wá, ló já lu ú lẹ́nu ọ̀nà onílé. Ó ṣe àmín sí àdúà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yọ ẹyọ kan.